Lóṣòó Onígbàjámọ̀ àti Ọkàn Tí Wọ́n Ní Ó Ti Sàn

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi pè é. Lóṣòó ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tó wà ní kékeré, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, òun náà á bá wọn sáré dé ìdajì pápá, á wá dúró, á lóṣòó, á sì gbá orúnkún méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jábọ́ sínú koríko. Ètè rẹ̀ á dúdú bí ẹni tó fẹnu kan tádáwà. Tó bá ṣe díẹ̀, á dìde, á tún máa sáré tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ara rẹ̀ ló mọ̀ pé bí òun bá ká bẹ́ẹ̀, èémí á padà.

Ìyá rẹ̀, tó ń fọṣọ ní ilé ìtura kan, ló pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní àbùkù ọkàn ló bá ọmọ náà wáyé: ihò wà láàárín yàrá méjì nínú ọkàn rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n dí ihò náà, wọ́n sì fẹ ọ̀nà tó há. Àpá rẹ̀ gùn láti abẹ́ ọ̀fun dé òkè ikùn.

Kò pẹ́ tí ọmọ tó máa ń lóṣòó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ehoro. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni ìyá rẹ̀ ń dá lóhùn pé, "Ó ti parí. Wọ́n ti tún un ṣe." Ìnagijẹ nìkan ni kò bá àìsàn lọ.

Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkòríta, láàárín ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àga méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan dáa, ìkejì sì máa ń dorí kodò bí oníbàárà bá rẹ́rìn-ín jù. Lóṣòó kì í yára. Bó bá ti so aṣọ funfun mọ́ ọ lọ́rùn tán, á kọ́kọ́ béèrè àwọn ará ilé rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó tan kílípà. Ó fẹ́ràn kó máa sọ pé, "Orí kì í ṣe ọgbà koríko. Ẹni tó ni ín wà nídìí rẹ̀."

Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀. Iléèwé tó wà ní òdìkejì títì ló ti wá, tó wá bá a jà nítorí rédíò tó ń han lákòókò ìdánwò. Ó bá Lóṣòó lẹ́nu àwàdà, ó jókòó, ló bá gbàgbé ìjà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ rí àpá àyà rẹ̀.

"Ṣé ẹ ṣì ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Ẹni tí wọ́n ti bá yọ ehín, ṣé á tún máa gbé àyè rẹ̀ lọ han dókítà lọ́dọọdún ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Nígbà tó ń sún mọ́ ogójì ọdún ni àtẹ̀gùn ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ga sí i lójú rẹ̀. Ó ní ikùn òun ló ń yọ. Ó dín oúnjẹ kù, àtẹ̀gùn kò dín. Ó ra àpótí gíga kan tó ní táyà lẹ́sẹ̀, ó wá ń jókòó gẹrun.

"Lóṣòó ti gorí ìtẹ́," ni àwọn oníbàárà ń wí.

Ó ní, "Ta ló rí ọba tó ń dúró ṣiṣẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣàkíyèsí pé ìrọ̀rí mẹ́ta ni ọkọ òun fi ń sùn báyìí.

"Ẹ lọ rí dókítà."

"Ọjọ́ orí ni."

"Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn yìí. Ọjọ́ orí ta ni ẹ ń bá wọn gbé kiri?"

Ó kọ̀, kò lọ.

Lówùúrọ̀ Sátidé kan, ó ń gẹrun fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa takisí. Ó ti parí apá òsì nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣàdédé ki eré mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ìlù kìkìkì tí ẹ̀rù máa ń fà. Ńṣe ló dà bíi pé ẹyẹ há sínú àyà rẹ̀. Kílípà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú dígí, awakọ̀ rí i tó di ògiri mú.

"Lóṣòó, kí ló dé?"

"Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

"Inú mọ́tò ni wàá ti sinmi."

Ó gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Ó pe ìyàwó onígbàjámọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí olùkọ́ fi máa dé, àwọn dókítà ti gún ọkọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ọkàn náà sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìdajì orí dán, ìdajì kún fún irun. Nọ́ọ̀sì kan dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ orí fún?"

Olùkọ́ tó ti ń sunkún bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ yẹn lòun kọ́kọ́ mọ̀ pé omijé àti ẹ̀rín lè gba ojú ọ̀nà kan náà.

Obìnrin ni dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó tutù wo àyà Lóṣòó, ó ń wo àwòrán ọkàn rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n.

"Ta ló ti ń tọ́jú ọkàn yìí látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà?"

"Ìyá mi ni."

"Lẹ́yìn ìyá yín ńkọ́?"

"Ìyàwó mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tó fi gbé àga sún mọ́ ọn. Ó ní, "Àwọn tó ṣiṣẹ́ yìí ṣe é dáadáa, òun ló jẹ́ kí ẹ dàgbà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà tó há yẹn, ilẹ̀kùn tó yẹ kó máa pa dé lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ kò lè pa dé mọ́. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ́rí padà, yàrá ọkàn yín lápá ọ̀tún sì ti fẹ̀ jù."

"Kí ló dé tí mi ò fi mọ̀?"

"Ọkàn yín ń rọ́jú ni. Ó ti wá rẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ó ní àwọn máa fi ilẹ̀kùn tuntun sí i. Àwọn ò ní la àyà. Inú iṣan itan làwọn máa gbé e gbà dé inú ọkàn.

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ yọjú, fìlà bo orí rẹ̀ dé etí, ó mú kílípà Lóṣòó dání. Lóṣòó bẹ nọ́ọ̀sì títí tó fi gbà kí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n parí orí náà.

Lóṣòó ní, "O ò bá ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí ni mo mọ̀," ni awakọ̀ wí. "Olórí wà lárọ̀ọ́wọ́tó, onígbàjámọ̀ ló gba ibi tí kò yẹ lọ. Gẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."

Ìyá rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ti darúgbó. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ na aṣọ tí kò ká.

"Wọ́n sọ fún mi," ló wí nígbà tó yá. "Wọ́n ní kí n máa mú ọ padà wá. Mo mú ọ lọ ní ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a kó kúrò ládùúgbò yẹn. Ìwọ náà ń sáré, ò ń jẹun. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé bí mo bá tún mú ọ lọ, wọ́n á rí nǹkan mìíràn."

Lóṣòó mú ọsàn kan lórí tábìlì, ó fi sí i lọ́wọ́.

"Màámi, gbogbo eré tí mo sá yẹn, ẹ̀yin lẹ gbé mi débi tí mo ti rí i sá. Ẹ bá mi bó ọsàn yìí. Ti nọ́ọ̀sì yìí kì í mọ́."

Ìyá náà bó o, ó yọ kóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bó o fún ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, olùkọ́ kó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dání láti máa máàkì níta. Gbogbo wọn ló gbégbá orókè, nítorí kò mọ ohun tó ń kà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ọkọ rẹ̀ ti lajú.

"Báwo ló ṣe rí?"

Ó mí sínú, ó mí síta. "Ó dà bíi pé ẹnì kan ṣí fèrèsé."

Ara rẹ̀ kò mókun lóòjọ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé, ó ń bínú sí gbogbo orí tó bá gba abẹ́ fèrèsé kọjá tí ẹlòmíì ti gẹ̀. Títí dòní ló ń lo oògùn kí ọkàn rẹ̀ má baà tún ṣìsẹ̀. Ó ń fọ ẹnu bí ọkọ ìyàwó, nítorí dókítà ní ìdọ̀tí ẹnu lè ba ilẹ̀kùn tuntun jẹ́, pé kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ehín rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lo oògùn. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà á gbó lọ́jọ́ kan, pé wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdọọdún ló ń lọ fún àyẹ̀wò báyìí. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó tì í nínú gbọ̀ngàn, orí àpá yọ lọ́rùn aṣọ rẹ̀. Wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ. Obìnrin náà ní òun àti ọkọ òun fẹ́ bímọ, àmọ́ àwọn ìyàwó ilé ti ní kó má dán an wò pẹ̀lú irú ọkàn rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó fẹ́ wọlé rí dókítà mọ́.

Lóṣòó ní, "Ṣé àwọn ìyàwó ilé yín ti wo inú ọkàn yín rí? Ẹ wọlé kí ẹ bi ẹni tó ń wò ó."

"Ṣé ẹ̀rù kì í bà yín ni?"

"Ó ń bà mí gan-an. Bí mo bá ń bọ̀ níbí, oúnjẹ àárọ̀ kì í lọ lọ́fun mi. Ìyàwó mi ló máa ń di bísíkíìtì sínú àpò fún mi, kí n rí nǹkan jẹ bí mo bá jáde."

Ó tú u, ó bu ìdajì fún un, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi pe obìnrin náà.