Táyà Dídán Àbúrò Ọkọ Mi

Àbúrò ọkọ mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé. Nílé wa ní Ayétòrò, ìyàwó kì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ. "Ọkọ mi kékeré" ni mò ń pè é, mò ń kúnlẹ̀ kí i, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu lásán ni. Nínú ọkàn mi, òpè ni, òpè tó tún ń ṣe fáàrí. Níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò sí ẹni tí yóò fipá mú mi pè é ní "wọn".

Lásìkò tí wọ́n ti bọ́dà pa ni ó gbé mọ́tò tí bàbá wọn fi sílẹ̀, mọ́tò kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń lò, lọ bá mẹkáníìkì pé kó gé sípíríìn rẹ̀ kó lè wálẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbi tí ojú ti là. Lórí ọ̀nà tiwa yìí, tó jẹ́ kòtò àti gegele! Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ.

Mẹkáníìkì kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá ti gé sípíríìn, ẹsẹ̀ táyà yóò dagun, àfi kó lọ ṣe àláìmẹ́ǹtì tí yóò mú un dúró gún. Ó ní kò pọn dandan, ṣebí mọ́tò kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì. Ìpara tí wọ́n fi ń kun táyà ni ó lọ rà. Àràárọ̀ ló ń kùn ún, tó ń dán bíi bàtà ọmọ iléèwé lọ́jọ́ Ajé, á sì pè mí kí n wá wò ó. Èmi náà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Kò ro ti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Gbogbo ọmọ bọ́dà ló mọ̀ pé onífàyàwọ́ a máa ki sípíríìn kún ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, kó má baà wolẹ̀ lábẹ́ ìrẹsì. Mọ́tò tí ìdí rẹ̀ bá wolẹ̀, ẹrù ló rù. Tiwa wolẹ̀ lófìfo. Àwọn tó kó ìrẹsì ní tòótọ́ á juwọ́ kọjá, àwa ni kọ́sítọ́ọ̀mù á dá dúró, wọn á máa tú ìjókòó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bọ́ sọ́nà Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí wọn ó ṣiṣẹ́ ojú fún ìyá ọkọ mi. Ojú Màmá ti ṣú débi pé ohùn ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Àwọn dókítà tí yóò ṣe é kì í wá lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá bá wọn, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún padà wá, a ò sì mọ ìgbà náà. A kò tíì jìnnà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ní ká sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣí búùtù, kò sí nǹkan. Wọ́n wo abẹ́ ìjókòó, kò sí nǹkan. Dípò kí ọkọ mi kékeré bẹ̀ wọ́n, oge ló ń ṣàlàyé.

Oòrùn ń mú. Màmá fẹ́ jókòó sílẹ̀, wọ́n nawọ́ wá ohun tí wọn yóò dì mú, ọwọ́ wọn sì bọ́ sẹ́yìn táyà iwájú. Wọ́n fà á yọ kíá.

"Kí ló ń gún mi lọ́wọ́ yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìta táyà ń dán. Apá inú tí ó dagun lé, tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò, ti jẹ tán, wáyà ti yọ síta. Ẹni tí kò ríran ló fọwọ́ rí i.

Ọkọ mi kékeré ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ká ṣáà wọlé, yóò gbé wa débẹ̀. Inú bí mi. Mo pè é lórúkọ, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, mo ní, "Màmá kò ní wọ mọ́tò yẹn mọ́."

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ pé ṣé wọ́n gbọ́ bí mo ṣe pe òun.

"Mo gbọ́," ni Màmá wí. "Tún un pè, ìyàwó mi. Ó jọ pé òun ni kò gbọ́."

Mọ́tò elégàrí kan tó ń bọ̀ láti Ìmàṣàyí ló gbé wa, a sì bá àwọn dókítà náà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni mò ń pè é. Màmá ń rí ẹnu mi báyìí bí mo ṣe ń pè é, wọn kò sì bá mi wí.