Bọ́tìnì Abẹ́ Dáṣíbọ́ọ̀dù

Dísẹ́ẹ̀lì ni mọ́tò mi ń mu, ó sì ti dàgbà. Tí ọyẹ́ bá ti mú láàárọ̀, á máa wúkọ́ ṣáá, kò ní jí. Ọ̀rẹ́ mi kan, mẹkáníìkì ní Ìfọ́n, ló kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe é.

"Má fọwọ́ kan sípánà kí ojú ẹ tó rí èéfín," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Tí kò bá rú èéfín rárá, epo ò dé ẹ́ńjìnnì. Tó bá rú èéfín funfun, epo ti dé, òtútù ni kò jẹ́ kó gbiná: hítà plọ́ọ̀gì tó yẹ kó mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kò ṣiṣẹ́.

Gáná ni wọ́n ti bí ọ̀rẹ́ mi yìí kí àwọn òbí ẹ̀ tó gbé e bọ̀ wálé. Tó bá ń dúró kí plọ́ọ̀gì gbóná, èdè Gáná ló fi ń kà á dé orí ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí iná ò dé ọ̀dọ̀ plọ́ọ̀gì dáadáa mọ́, ó fa wáyà mìíràn, ó fi bọ́tìnì pupa kan sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní tí mọ́tò bá ṣagídí, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n kà á bíi tòun.

Ìlobù ni èmi ń gbé. Látìgbà tí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ti tún ru sókè, n ò fẹsẹ̀ kan Ìfọ́n mọ́. Òun ló ń gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ sórí ọ̀kadà wá bá mi. Ẹ̀rù ò bà á, àbí ó ń bà á, tí kò sọ.

Ọyẹ́ tó kọjá ló kú. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́. Àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ nìkan ló kù tí mo lè bá, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Mo ní mọ́tò ni n ó gbé lọ. Ìyàwó mi wò mí. "Ṣebí ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn débẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Orúnkún ń dùn mí."

"Orúnkún tó gun òrùlé lánàá?"

Nínú mọ́tò, èèyàn lè ti gíláàsì, àfi bí ẹni pé gíláàsì lè gba ẹnikẹ́ni là.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Èéfín funfun bo gbogbo aṣọ tí a sá síta. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣé mo tẹ bọ́tìnì? Rárá o. Mo tú orí bátìrì, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo tú fíltà, mo fọwọ́ fa epo, mo tún dè é. Mo wo táyà. Táyà! Kí ló kan táyà nínú ọ̀rọ̀ òtútù? Mo tún ń yí kọ́kọ́rọ́ láàárín ìyẹn, mò ń gbàdúrà kí bátìrì kú pátápátá, kó lè jẹ́ pé mọ́tò ló jẹ̀bi.

Aago mẹ́wàá ti kọjá nígbà tí fóònù dún. Ọmọbìnrin olóògbé ni.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Àwọn ààfáà ti jókòó, ẹ̀yin là ń wò."

"Ẹ kú àráfẹ́rakù, ọmọ mi. Mọ́tò ló kọ̀. Ọyẹ́ yìí ni."

"Irú èéfín wo ló ń rú?"

"Funfun."

"Ṣé ẹ ti tẹ bọ́tìnì tí bàbá mi fi síbẹ̀?"

Ìyàwó mi, tó dúró tì mí tó ń gbọ́ ohun tó ń wí, káwọ́ gbera. "Ẹ dá a lóhùn."

"N ò tíì tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá." Kò bínú. Ì bá bínú ni, ara ì bá tù mí.

Mo wọnú mọ́tò, mo tẹ̀ ẹ́. N ò kọ́ èdè Gáná rí, Yorùbá ni mo fi kà á. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí.

Mo ti gbogbo gíláàsì, mo di sítíárì mú bí olè. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ẹlẹ́kọ kan yẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà, ó sì kí mi. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí mi nínú.

Nígbà tí mo dé ilé wọn ní Ìfọ́n, wọ́n ti ń ká ẹní. Ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé oúnjẹ tó ti bò pa mọ́ fún mi wá. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kó má baà tutù.

"Ẹ pa á, Bàbá. Tó bá kọ̀, a ó tì í."

Mo pa á. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi wà níwájú mi gan-an, àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, àpótí irinṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ náà kò bi mí ní ohun tó mú mi pẹ́. Ó kàn ní, "Mélòó lẹ kà kó tó jí?"

"Ẹ̀ẹ́dógún."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lọ ká ẹní tó kù.