Oókan Mọ́kànlá ti Tíṣà Amissah

Ní Saltpond, wọ́n ní oókan mọ́kànlá tí a bá kọ tẹ̀léra wọn kò ṣeé pín láyé yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá dán an wò, ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, orí rẹ̀ yóò sì tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ iléèwé tilẹ̀ ń fi búra: bí mo bá purọ́, kí oókan mọ́kànlá mú mi.

Tíṣà Ebo Amissah ló dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mẹ́nu ba ìyàwó tàbí orí. Ohun tó sọ ni pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín 11111111111 géérégé, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi wádìí rẹ̀, ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ yẹn ni òkun ń sinmi. Ọkọ̀ kì í jáde, Baaba ìyàwó rẹ̀ kì í sì í rí ẹja yan. Ọwọ́ àwọn méjèèjì a dilẹ̀.

Ìwé ìṣirò ti sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti 23, kó máa fi 22 kún un, kó sì fo àwọn tó bá ṣeé pín. Ó dán 23 wò, ó dán 67 wò, ó dán 89 wò, títí ìwé fi kún àpótí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú gbogbo oókan náà jọra. Bí èèyàn bá ń pín in, tó ń fa oókan sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì sín lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní mọ̀ bóyá ìkẹjọ ló fà tàbí ìkẹsàn-án. Ìdí nìyí tí Baaba fi ń jókòó tì í pẹ̀lú ìkarahun òkun mọ́kànlá nínú igbá kékeré. Tíṣà á fa oókan kan, òun á gbé ìkarahun kan sínú igbá kejì. Bí igbá àkọ́kọ́ bá ṣófo, á ya ẹja kékeré sí igun ojú ìwé náà.

“Baaba, ẹja yìí kò ní ìrù.”

“Ológbò ti jẹ ẹ́, Tíṣà. Fa oókan rẹ.”

Ní ọdún kẹta, ọ̀gá iléèwé yà kí wọn. Ó wo ìkarahun, ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ṣé ìyàwó ló ń bá ọ ṣírò ni?”

Ojú ti Tíṣà. “Rárá o, ọ̀gá. Eṣinṣin ló ń bá mi lé.”

Baaba rọra gbé igbá sílẹ̀. “Eṣinṣin ti tán, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo iná mi.”

Tíṣà dá iṣẹ́ náà parí. Ó ku 19484, ó fagi lé nọ́ńbà ọjọ́ náà, ó kọjá lọ. Ó ní òun yóò bẹ ìyàwó òun nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Baaba gbé oúnjẹ gbígbóná wá, ó ń ṣàwàdà bí ìṣe rẹ̀, ni ẹ̀bẹ̀ bá di ti ọ̀la. Nígbà tó di Ìṣẹ́gun kejì, obìnrin náà ti padà sí ìdí ìkarahun rẹ̀. Ọ̀la yẹn kò dé mọ́.

Ọdún kẹwàá pé, Tíṣà kọ 11111111111 gàdàgbà sára ògiri iléèwé pé kò ṣeé pín, Baaba sì pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ. Ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, ibà ọjọ́ mẹ́ta mú Baaba lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tíṣà ṣí àwọn ìwé náà. Kì í ṣe ìṣirò ló ń wá, ẹja ló ń wò. Ó rí ẹja aláìnírù, ó rí ẹja oníkùn, ó rí èyí tí Baaba ya awò ojú Tíṣà sí lójú. Ó wá kan ojú ìwé tí kò ní ẹja rárá. Nọ́ńbà ibẹ̀ ni 21649. Kó tó ka déètì ló ti mọ ọjọ́ náà.

Ó lọ gbé igbá méjèèjì wá. Ó fà, ó gbé, ó fà, ó gbé, títí ó fi kan 19484, iye tó ti kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ wọ̀nyí. Ó wo igbá àkọ́kọ́. Ìkarahun kan ṣì wà níbẹ̀.



“Baaba,” ó ní, “irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá. Kì í ṣe eṣinṣin lò ń lé.”

Kò sí ẹni tó ní kó fa oókan rẹ̀. Ó gbé ìkarahun náà fúnra rẹ̀, ó fa oókan ìkẹyìn sílẹ̀, ó di 194841. Ìlọ́po mẹ́sàn-án 21649 ni, kò ku nǹkan kan.

Àwọn ọmọ ṣì ń fi búra. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti lọ fi ẹfun kọ ọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́ lára ògiri: 21649 lọ́nà 513239 jẹ́ 11111111111.