Wọ́n Yọ Ikú Ọlábọ̀dé Kúrò

Ẹ má bi mí pé ta ló rán Tẹjúmádé níṣẹ́, kò sẹ́ni tó rán an. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni ní Festac, ọmọ ìyá kan tó ń ránṣọ ní 4th Avenue. Tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, kafé ló ń gbà lọ, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa kọ ìtàn ilé wọn sórí sáìtì kan. Lọ́dún 2008, àwọn tó ń kà á ti pọ̀ lọ súà, wọ́n wà títí dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún yẹn náà ni tírélà pa àbúrò rẹ̀, Ọlábọ̀dé, ní Mile 2. Ẹ kúkú mọ àṣà wa, òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ. Wọ́n mú ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Abúlé Adó, Tẹjúmádé ló tẹ̀lé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ sin ín. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n túfọ̀ fún ìyá, àmọ́ kò sunkún, ẹnu ọ̀nà ló kàn ń wò.

Tẹjúmádé kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Kò tíì dìde nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti yọ ìtàn náà kúrò! Àwọn tó ni sáìtì ní àwọn ò fẹ́ ìtàn ẹ̀jẹ̀ àti òkú, pé tó bá tún dán an wò, gbogbo ohun tó ti kọ rí làwọn máa pa rẹ́. Ibẹ̀ sì ni àwọn fọ́tò Ọlábọ̀dé wà, àti gbogbo àwàdà rẹ̀, kò ní ẹ̀dà wọn níbòmíì.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ó tún ìtàn náà kọ, ó yọ ẹ̀jẹ̀, ó yọ tírélà. Ó yọ Mile 2, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kó yọ ọ́ o! Ó yọ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣíwọ́, Ọlábọ̀dé inú ìtàn náà ti tibi iṣẹ́ dé, ó ti bọ́ bàtà, ó ń bèèrè oúnjẹ. Àwọn òǹkàwé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tún kọ, ó sì tún kọ. Ọmọ náà ṣe mí láàánú, àmọ́ kí la fẹ́ pe irú ìyẹn?

Ìyá ò mọ̀wé, Tẹjúmádé ló máa ń kà á sí i létí kó lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán ṣòkòtò ọkùnrin.

"Mọ́mì, ta ló ni ín?"

"Àbúrò ẹ ni. Èyí tó ń wọ̀ ti gbó."

Orí Tẹjúmádé wú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jayéọlá kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn náà pé: "Mo rí Bọ̀dé ní 2nd Avenue lánàá. Ó ní kí n kí ẹ." Kò mọ Jayéọlá kankan. Ẹ gbà mí, ṣé ẹ mọ̀ pé ó dìde lọ síbẹ̀? Ó ń wo ojú àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun tí wọ́n sin ín lójú ẹ̀!

Lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá pè é jókòó.

"Tẹjú, ìwọ lo débi tí wọ́n ní wọ́n sin ín sí. O ń kà á fún mi pé ó ń jẹ, ó ń rìn, èmi náà sì ń ránṣọ fún un. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Tó bá ti kú, sọ ọ́ fún mi, kí n lè sunkún ọmọ mi."

Tẹjúmádé lanu. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú yàrá náà, àwọn méjèèjì péré ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó yọ ọ́. Ó wá òmíràn, ó tún yọ ọ́. Àánú ìyá rẹ̀ ń ṣe é, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì ń bà á.

"Mọ́mì," ló wí nígbẹ̀yìn, "ó ní òun ò ní pẹ́ dé."

Ìyá dìde, ó lọ gbé omi kaná, ó sì wọn ìrẹsì Ọlábọ̀dé mọ́ tiwọn.