Obì Tí Mo Fi Sápò

Kí n tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, eyín mẹ́ta ti fi mí sílẹ̀. Méjì nínú wọn, ti ẹ̀yìn, jẹrà nítorí pé mo ń kàwé ju bí mo ṣe ń fọ ẹnu lọ. Ẹ̀kẹta, ti iwájú lókè, ni mo fi ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò níbi tí a ti ń ṣe ìdágbére fún olùkọ́ kan nílé-ìwé wa ní Ìkìrun. Ohun ìṣígò wà lórí tábìlì o. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti sọ pé àwa tí a lọ sí yunifásítì kò lè fọwọ́ ara wa ṣe nǹkan kan, mo sì fẹ́ fi hàn án. Ìdérí ìgò ṣí. Eyín náà sì bá a lọ.

Fún ọdún mẹ́ta, mi ò ṣe nǹkan kan sí i. Mo ti ní ìdáhùn tó yẹ ọ̀mọ̀wé: eyín kọ́ ni mo fi ń ronú. Mo ń fọwọ́ bo ẹnu tí ẹ̀rín bá ń pa mí, nígbà tó yá mo pa ẹ̀rín tì pátápátá, ni àwọn ará àdúgbò bá ń sọ pé mo ti di àgbà tó ní làákàyè. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi bú àwọn tó ń ṣe bí ẹni ńlá! Ihò kan ṣoṣo ló sọ mí di ọ̀kan lára wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Inísà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà pé làákàyè ni. Òun fúnra rẹ̀ ní eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ, tó máa ń gbé sínú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé agolo kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ìṣó lu ihò sí i lára. Òun ni ìyá wa àgbà fi ń rin obì nígbà tí eyín wọn ká tán.

"Gba ogún rẹ," ló wí. "O ò fẹ́ dókítà, àbí? Máa rin obì."

Inú bí mi, mo fi agolo náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ará Òkukù wá tọrọ ọmọbìnrin mi. Nínú ìdílé wa, bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ gé obì jẹ lójú àna. Ìyẹn ni ìdáhùn. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá kà, ìwé lásán ni. Bàbá ọkọ na obì sí mi, obì tó gbó, tó le bí òkúta. Eyín iwájú tó kù sí mi lẹ́nu sì ti ń mì, méjì ẹ̀yìn tí mo fi ń fọ́ nǹkan líle ò sí mọ́. Mo dúpẹ́, mo fajú ro bí adájọ́, mo fi obì sápò.

Kíá ni àwọn àlejò mu omi wọn tán, wọ́n dìde.

Ọmọ mi tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìnkùlé. "Dádì, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fi obì sápò! Wọ́n ti ní ẹ ò fẹ́ ọmọ àwọn."

"Mo fẹ́ràn ọmọ náà dáadáa."

"Ẹ wá jẹ obì, Dádì! Ẹ jẹ obì!" Ló bá bú sẹ́kún.

Fún ọjọ́ méjì, fóònù rẹ̀ ò dún. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé ẹ̀gbọ́n mi ní Inísà, a kọrí sí Òkukù. Bàbá ọkọ, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùyẹ̀wò kòkó, ní kí a jókòó, ṣùgbọ́n kò fi omi lọ̀ wá. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀, tí mo fi gírámà bò dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi dá mi dúró. "Ọ̀rọ̀ ẹ ti gùn jù. La ẹnu!"

Mo la ẹnu. Bàbá ọkọ wá awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, bí ẹni ń yẹ àpò kòkó wò.

"Háà! Àna mi! Ohun tí ẹ ń fi pa mọ́ fún wa rèé? Àwa ti ń bá ọmọ wa jà nílé pé kí ló ṣe fún yín!" Ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná pé kó wá wò ó.

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó fi èékánná kan eyín tirẹ̀ kan. "Gbígbìn ni wọ́n gbin èyí. Irin kékeré bíi skúrù ni wọ́n fi sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Egungun á dì í mú fún oṣù mélòó kan, wọ́n á wá fi eyín dé e lórí. Mo fi ń jẹ àgbàdo."

"Tèmi tí mò ń yọ ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ó dáa, Mà, ó sàn ju ihò lọ. Ṣùgbọ́n dókítà ní ibi tí eyín ò bá sí, egungun ibẹ̀ á máa joro. Èyí tí a gbìn ló ń fún un níṣẹ́ ṣe." Ó yíjú sí mi. "Ẹ lọ gbìn ín. A ó dúró dè yín."

Dókítà eyín tí mo lọ bá, ọmọdébìnrin kan tó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, ya àwòrán ẹnu mi, ó sì fi hàn mí bí àwọn eyín tó kù ṣe ń wó sínú àlàfo. Ọ̀kan nísàlẹ̀, tí èkejì rẹ̀ lókè ti lọ, ti ń gùn sókè, ó ń wá a kiri. Ó bi mí bóyá mò ń mu sìgá, ó ní kí n lọ yẹ ṣúgà ara mi wò. Lọ́jọ́ tí ó gbìn wọ́n, abẹ́rẹ́ ti pa ẹnu mi kú. Ariwo bíi ti káfíńtà nìkan ni mò ń gbọ́. Ìrora dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò tó ti ọjọ́ ẹlẹ́rìndòdò.

Gbogbo oṣù ni wọ́n ń pè mí láti Òkukù: "Àna mi, ṣé eyín ti hù?" Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé ọmọ ọwọ́ ni mí.

Ó hù. Wọ́n padà wá sí Ìkìrun pẹ̀lú obì mìíràn. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí n má fi eyín tuntun fọ́ egungun, kí n má sì sún mọ́ ìgò rárá. Kò sọ̀rọ̀ obì, èmi náà ò bi í. Mo gé e. Ó dún kọ̀ọ̀. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, ọwọ́ mi, tí bíbo ẹnu ti mọ́ lára láti ọdún wọ̀nyí, gbéra fúnra rẹ̀, ó bo ẹnu mi.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Ọmọ mi dìde níbi tó jókòó sí, ó di ọwọ́ mi mú, ó fà á wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

Mo la ẹnu. Àna mi ti ń wá awò ojú rẹ̀.