Ẹgbàá Ọdún Tí Mo Fò Kọjá

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí wọ́n tó gbàdúrà fún Ísírẹ́lì. Aago márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n máa ń lu agogo kékeré kan nílé wa ní Èbúté Mẹ́ta, kí gbogbo wa lè wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀. Wọ́n á gbàdúrà fún ìjọba, fún rélùwéè tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ akọ̀wé, fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ẹsẹ̀ ń dùn, lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Rántí Ísírẹ́lì, ènìyàn rẹ." A ó ṣe àmín. N kò béèrè rí pé Ísírẹ́lì wo. Lójú tèmi, Dáfídì ṣì wà níbẹ̀ tó ń da àgùntàn.

Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Yábàá, láàárín àwọn ọdún 1970, mo rí i pé a lè yan ẹ̀kọ́ kan lórí ìtàn àwọn Júù àti ẹgbẹ́ Síónì, ìyẹn àwọn tó jà fitafita kí Júù lè ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Mo yan án kíá. Àwọn ẹlòmíràn ń sá fún un, èmi rò pé bí ẹní jẹ̀kọ ni. Ṣé èmi tí mo ti ń gba ẹ̀bùn nílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti kékeré ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìtàn Júù?

Àròkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ gba ojú ewé mẹ́jọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Ábúráhámù, mo kó wọn la Òkun Pupa já, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn àpọ́sítélì. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di 1948, wọ́n dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Olùkọ́ wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fi gègé pupa fa ìlà sáàárín ìpínrọ̀ méjèèjì, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Níbo ni wọ́n wà fún nǹkan bí ẹgbàá ọdún?" Ojú tì mí. Òótọ́ ni, ibi tí ìwé mímọ́ parí sí ni èmi náà parí wọn sí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n ń bímọ, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń sá kiri.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo ka bí wọ́n ṣe ń lé Júù láti ìlú dé ìlú ní Yúróòpù, mo ka bí wọ́n ṣe pa wọ́n nípakúpa nígbà ogun àgbáyé kejì. Mo sunkún. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ka ti àwọn Lárúbáwá Palẹstínì tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ ní 1948 tí wọn kò rí i padà sí. Mo tún sunkún. Ta ni mo wá ń sunkún fún gan-an?

Olùkọ́ wa tún wá dá kún un. Ó ní ká ṣe àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n kí kálukú gbèjà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́. Ọmọ Mùsùlùmí kan tó jù mí lọ, tó ń wá láti Mushin, ló gbèjà ẹgbẹ́ Síónì, èmi gbèjà àwọn Palẹstínì. Ó sọ ọ́ débi pé mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Sístà, o gbìyànjú o. Àmọ́ orí mi ti dàrú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá mi nílé báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi ti dàrú ṣáájú tiyín," ni mo dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi wọlé wá bá èmi náà. Ìjọba wa ti já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì, àwọn ọkùnrin inú kíláàsì Bíbélì tí bàbá mi ń ṣe aṣáájú rẹ̀ ní ìjọ sì ń jiyàn bóyá ó ṣì yẹ ká máa gbàdúrà fún wọn. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi obìnrin ń kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó máa wá là á yé wa." Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì yẹn. Bàbá mi ra bàtà tuntun fún mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, orí bàbá mi á wú. Bí mo bá sọ ohun tí mo kà, màá dójú tì wọ́n lójú àwọn tí wọ́n ti ń darí látọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú àgbà ọkùnrin bí ogún. Mo fẹ́ purọ́, ẹ má bú mi. Àmọ́ ìlà pupa yẹn ni mo ń rí. Mo sọ nípa ẹgbàá ọdún náà, mo sọ nípa àwọn tí wọ́n pa, mo sì sọ pé àwọn kan ń gbé lórí ilẹ̀ náà nígbà tí àwọn Júù ń padà bọ̀, pé Kristẹni pàápàá wà nínú wọn. Bàbá àgbà kan dìde.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹ nìyẹn? Aṣáájú, ẹ tètè mú ọmọ yín kúrò nílé-ìwé yẹn o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká kọrin.

A rìn délé. Bàtà tuntun há mi lẹ́sẹ̀. Inú ń bí mi sí àwọn àgbà yẹn, inú ń bí mi sí ara mi, mo sì ń bẹ̀rù pé bàbá mi kò ní fi mí yangàn mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, agogo dún. A kúnlẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún ìjọba, fún rélùwéè, fún ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. "Rántí..." ni wọ́n wí, wọ́n sì dákẹ́. Mo lajú. Bàbá mi ti yíjú sí mi lórí ìkúnlẹ̀ wọn.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ta ni kí n dárúkọ?"

Wọn kò bínú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Mo ti ka gbogbo ìwé tí olùkọ́ ní ká kà, mo wo ojú bàbá mi, n kò mọ̀. Ìyá mi, tí oorun ti gbé lọ lórí ìkúnlẹ̀, rò pé àdúrà ti tán. Wọ́n ní, "Àmín."