Àsíá Egungun Goulven Kerros

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Le Conquet, ní etíkun Faransé, tí ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí ọkọ̀ ogun kékeré kan tí a so rọ̀ láti òkè àjà, tí iwájú rẹ̀ kọjú sí pẹpẹ. Egungun màlúù ni gbogbo ara rẹ̀. Irun ènìyàn ni okùn ìgbòkun rẹ̀. Goulven Kerros ló ṣe é, ọmọ apẹja, ẹni tó ń yin àgbá nínú ọkọ̀ ogun Têtue. Olóríkunkun ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, ọkọ̀ náà kò sì dójú ti ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló dojú kọ ọ́ nínú kùrukùru, lẹ́yìn erékùṣù Ouessant. Láàárín àwa àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó bá gbà pé ọwọ́ ti tẹ òun á fa àsíá rẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó ṣẹ́gun á sì ta tirẹ̀ lé e lórí. Wọ́n kígbe sí Têtue pé kó fà á wálẹ̀. Àwọn òpó ìgbòkun rẹ̀ ti wó tán. Àwọn ọmọkùnrin wa fi ìṣó kan àsíá mọ́ kùkùté òpó. Ibẹ̀ ló wà títí omi fi bò ó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló fa àwọn tó kù jáde nínú omi. Goulven wà lára wọn, egungun itan rẹ̀ kan ti fọ́.

Wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Dartmoor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí òkè tí òjò àti ìkùukùu ti ń du ipò. Inú ọbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni Goulven ti ń ṣa egungun. Ó ń fi iyanrìn ha á, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé irun orí wọn fún un. Bí ojú àgbá kan bá yẹ̀ díẹ̀ sí bó ṣe rí nínú Têtue, á tú u, á tún un kàn. Àsíá ló gbẹ́ kẹ́yìn, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Kò rí ọ̀dà, nítorí náà ó fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì sí i, láti pín in sí búlúù, funfun àti pupa, àwọ̀ mẹ́ta àsíá wa nígbà náà.

Hannaford, alápatà tó ń ta ẹran fún ẹ̀wọ̀n náà, rí ọkọ̀ yìí níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àna rẹ̀ ni dókítà tó ń yan àwọn aláìsàn tí wọ́n á dá padà sílé.

"Ẹran mi lo jẹ, Faransé. Egungun mi lo fi kan ọkọ̀."

"Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ẹran yín ọ̀hún náà le tó egungun."

Hannaford rẹ́rìn-ín. "Gbé e fún mi, ẹsẹ̀ rẹ yẹn á bá àwọn aláìsàn wọkọ̀ lọ. Ohun kan ló kù. Gbẹ́ àsíá tiwa, kí o ta á lé tiyín lórí."

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ nìkan ni, Goulven ì bá gbé e fún un. Ó ro Azenor ìyàwó rẹ̀, tó ń dá kó koríko òkun ní etíkun nínú òtútù.

"Ẹ ò mú ọkọ̀ yẹn, ọ̀gá. Mi ò lè ta àsíá yín lé e."

"Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi."

Alápatà bá tirẹ̀ lọ. Jaouen, tí wọ́n jọ bọ́ nínú omi, mi orí. "Goulven, ọkọ̀ yẹn ti rì. Ìwọ nìkan ló ṣì ń jà."

"Ṣé o gé irun fún mi àbí o ò gé?"

"Mo gé."

"Ó dáa, dákẹ́."

Àwọn aláìsàn lọ láìsí i. Ó tún lo ọdún méjì lórí òkè yẹn kí ogun tó parí, kí ó tó gbé ọkọ̀ lé itan wálé.

Azenor ń da ìyẹ̀fun pípò sórí irin gbígbóná nígbà tí Goulven ń sọ ìtàn náà fún un.

"Ọdún méjì, Goulven. Nítorí ohun tí kò tó èékánná."

"Àwọn tó wà nísàlẹ̀ omi ló ni ín."

Oúnjẹ jó mọ́ irin, Azenor gbé e fún un bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà sì jẹ ẹ́ tán.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí òkun bá dá sí a máa gbé ọkọ̀ kékeré fún ilé Ọlọ́run. Àwọn méjèèjì jọ gbé e lọ. Ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí ìtẹ́ Faransé ni. Àsíá funfun ni tirẹ̀, àsíá aláwọ̀ mẹ́ta tí a fi jagun ti di èèwọ̀.

"Goulven ọmọ mi, yọ àsíá yẹn," ni Fadá wí. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n wá mú mi ni?"

"Fadá, ọkọ̀ tí kò ní àsíá, ó ti túúbá nìyẹn." Ó nawọ́ láti gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Azenor gbé ọwọ́ lé e.

"Fadá, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo lẹ rí lára àsíá yìí?"

Fadá wò ó pẹ́. "Funfun ni."

"Bí egungun ṣe máa ń rí nìyẹn. Funfun lọba sì ní òun fẹ́."

Fadá fi ìka tọ ìlà méjèèjì. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ọ̀bẹ ọkọ mi ló yọ̀."

Goulven la ẹnu. Azenor tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó ń dùn ún gan-an, ọkùnrin náà sì pa ẹnu dé. Fadá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n lọ gbé àkàbà wá.

Àwọn ọmọdé máa ń bi Goulven léèrè ìlà méjèèjì yẹn. Títí a fi sin ín, èsì kan ló ń fún wọn: "Ọ̀bẹ mi kò yọ̀ rí."

Azenor á dá a lóhùn láti ìdí ààrò pé, "Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ló sì gbé ọkọ̀ rẹ dókè."